Ẹ̀yìn Aṣọ

Ọdún tí Láwoyin fọ́ fèrèsé kíláàsì rẹ̀,
gbogbo ilé ló pé lé e lórí.
Bàbá àgbà wá láti Ìjẹrù,
ẹ̀gbọ́n mi wá láti Tákíè, tòun ti ẹgba,
a fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo:
“Wọ́n fi bàtà mi ṣẹ̀sín ni.
Nǹkan kan gbóná láyà mi.
Kí n tó mọ̀, òkúta ti kúrò lọ́wọ́ mi.”
Ó sunkún. Ó jẹun. Ó sùn.
Nígbà tó fi dọjọ́ kẹta, orí igi máńgòrò ni mo ti ń pè é sọ̀ kalẹ̀.

Morádékẹ́ ń fọ abọ́ ní tirẹ̀.
Ọmọ ọdún méjìlá.
Ó fọ abọ́ tán, ó fọ ìkòkò,
ó gbé omi fún bàbá àgbà lórí ìkúnlẹ̀.
Wọ́n ní, “Ẹ wo ọmọ! Ẹ wo onísùúrù!”
Èmi náà mi orí. Inú mi dùn.
Ọlọ́run má ka ìdùnnú yẹn sí mi lọ́rùn.

Aránṣọ ni mí, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n.
Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán, ọdún kọkàndínlógún rèé.
Mo mọ aṣọ tí ojú rẹ̀ ń dán,
tí o bá yí i padà,
òwú abẹ́ ti ta kókó, ó ti dìtẹ́ ẹyẹ,
torí pé òwú òkè kò rí ohun tó dì í mú.
Mo mọ̀ ọ́n lára aṣọ.
N kò mọ̀ ọ́n lára ọmọ.

“Màámi, inú ń run mí.”
Mo fún un lóògùn aràn.
“Màámi, orí ń fọ́ mi.”
Mo ní ibà ni, mo se ewé dóńgóyárò.
Mo jí lóru, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere,
ó ń ka ihò ìṣó lára páànù.
“Kí lò ń rò?”
“Kò sí nǹkan, mà.”

Háà, “kò sí nǹkan” yẹn!
Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Tọmọ mi kò bá a dákẹ́.
Inú ikùn ló ti ń pariwo.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá nílé ìwòsàn kò wá abẹ́rẹ́.
Ó ní kí n lọ jókòó síta, lábẹ́ igi kajú.
Mo jókòó, mo ń ṣa èso tó já sílẹ̀, mo ń tún un jù nù.
Ẹkún kan gba ojú fèrèsé jáde,
irú èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀
láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú.

Ó ti ń gbọ́ wa lóru, èmi àti bàbá rẹ̀.
Ó rò pé bí òun náà bá sunkún, ilé á wó.

Nísinsìnyí, a ń kọ́ orúkọ.
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ní ń jẹ́ inú bí mi.
Òmíràn, àyà ń já mi ni.
Òmíràn, ojú tì mí.
Òmíràn, ọkàn mi pòrúurùu, n kò tíì mọ ìdí.
Láwoyin náà ń kọ́ ọ:
bó bá gbóná, kó rìn dé ìdí kànga kó tó fèsì.
Ó máa ń gbàgbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ta korobá wa ní ìpá, ó fọ́.

Àmọ́ lánàá, Morádékẹ́ jókòó sórí àpò àjákù aṣọ,
ó ní, “Màámi, inú mi kò dùn lónìí.”
Mo ṣẹ́ ojú. Mo yọ ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ.
Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀, apá kan péré ló ní.
Ó wà níbẹ̀ di òní.